Wọ́n fi Apple ṣe yẹ̀yẹ́, àwa la san owó ẹ̀rín

Ìjà iPhone àti Samsung kì í tán láàárín àwa ọ̀dọ́. Ẹ wọ danfo, ẹ lọ síbi ìgbéyàwó, ẹ jókòó sínú ọgbà yunifásítì. Bí ẹnì kan bá ti yọ fóònù jáde báyìí, ẹlòmíràn á bi í pé kí ló dé tí kò ra èkejì. Kò burú. Ẹni tó bá fi owó gidi ra nǹkan, ẹ jẹ́ kó fi yangàn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a fi ń bú ara wa, àwa kọ́ la ronú kàn án. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta fóònù ló kọ ọ́ fún wa. Wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ sí i, ó dùn létí wa, a wá ń gbé e kiri lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi ò bínú sí ẹ̀rín. Ìpolówó ọjà tó pani lẹ́rìn-ín sàn ju èyí tó ń pariwo mọ́ni létí lọ. Àmọ́ láàárín ọdún 2016 sí 2021, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ọjà fóònù tó yẹ kí gbogbo wa máa rántí nígbàkigbà tí ilé iṣẹ́ kan bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi èkejì ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ ihò íápíìsì

Lọ́jọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 2016, Samsung fi Galaxy Note 7 han gbogbo ayé nílùú New York. Nígbà yẹn, òfófó ti gba ìgboro pé iPhone tí Apple ń gbé bọ̀ kò ní ní ihò róbótó tí a ń ki ẹnu okùn íápíìsì bọ̀. Justin Denison, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Samsung, wà lórí pèpéle. Ó ka àwọn nǹkan tó wà lára fóònù náà, ó wá bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n fẹ́ mọ nǹkan mìíràn tó tún ní. Ó ní ihò íápíìsì ni. Ó ní òun kàn ń sọ ọ́ ni o. Kò dárúkọ Apple rárá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Lọ́jọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, òfófó di òótọ́. iPhone 7 jáde, kò sí ihò íápíìsì lára rẹ̀ mọ́. Phil Schiller ti Apple ní ìgboyà ló mú àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Twitter nígbà náà á rántí ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ "ìgboyà" yẹn ṣe. Wọ́n fi jó, wọ́n fi yọ̀. Bí ẹnì kan bá yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ tó ní ìgboyà ni, kí lo fẹ́ sọ? Lọ́jọ́ kan náà yẹn, Apple gbé AirPods jáde, íápíìsì tí kò lókùn, ní dọ́là 159. Wọ́n dí ihò, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Google náà ò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n gbé Pixel àkọ́kọ́ jáde. Nínú fídíò tí wọ́n fi polówó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ka àwọn nǹkan tuntun tó wà lára fóònù náà, wọ́n dé orí ihò íápíìsì, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe tuntun, ó sì tẹ́ni lọ́rùn pé kì í ṣe tuntun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ ẹni tí òkò náà bà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Pixel 2 dé. Ihò ti wábi gbà. Ọdún kan péré ni Google fi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Samsung ló mọ ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún ṣe jù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n gbé fídíò kan jáde tí wọ́n pè ní Growing Up. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra iPhone àkọ́kọ́ ní ọdún 2007, inú rẹ̀ dùn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìyà ń jẹ ẹ́. Ó fẹ́ ya fọ́tò, fóònù ní àyè ti kún. Ó bọ́ sínú omi, fóònù kú. Ó fẹ́ gba iná sí fóònù kó sì tún máa gbọ́ orin, àfi kó so okùn mọ́ okùn. Ní ọdún 2017, ó ju iPhone sínú dúrọ́ọ̀, ó ra Galaxy. Bó ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Apple, ó rí àwọn tó tò síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gẹ irun iwájú orí rẹ̀ kó lè jọ ojú iPhone X. Bí ẹ bá wo ìyẹn tí ẹ ò rẹ́rìn-ín, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ara yín.

Àwọn tó ń lo Samsung ló gbé fídíò náà kiri. Àwọn oní-iPhone náà ò dákẹ́. Wọ́n rán wọn létí pé Note 7 tó ní ihò íápíìsì yẹn náà ló ń gbiná lápò àwọn èèyàn, títí Samsung fi kó o kúrò lọ́jà pátápátá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Ìjà gbóná. Ní ọdún 2018, Samsung tún dá iná sí i. Wọ́n ṣe oríṣiríṣi fídíò kéékèèké níbi tí òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù Apple kan ti ń gbìyànjú láti dá oníbàárà lóhùn, tí kò rí nǹkan gidi sọ. Nínú ọ̀kan, oníbàárà béèrè bóun ṣe máa gba iná sí fóònù kóun sì tún lo íápíìsì olókùn lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣìṣẹ́ ní àfi kó ra okùn mìíràn kún un.

Ó wá di ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019. Samsung mú Galaxy Note 10 jáde. Ẹ yí i síwá, ẹ yí i sẹ́yìn, kò sí ihò íápíìsì. Àwọn èèyàn sáré lọ wá fídíò Growing Up lójú òpó YouTube Samsung ti Amẹ́ríkà, wọ́n ò bá a níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti rọra gbé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ ṣájà ló wá burú jù

Ẹni tó bá rò pé ìtìjú á mú kí wọ́n sinmi, kò mọ àwọn oníṣòwò. Lọ́jọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, Apple gbé iPhone 12 jáde, wọ́n ní ṣájà ò sí nínú páálí mọ́, íápíìsì náà ò sí. Kò pẹ́ rárá, ọ̀kan nínú àwọn ojú ìwé Facebook Samsung gbé àwòrán ṣájà kan síta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà nínú Galaxy tí ẹ bá rà. Xiaomi náà ní kí àwọn oníbàárà fọkàn balẹ̀, àwọn ò yọ nǹkan kan kúrò nínú páálí Mi 10T Pro.

Ẹ̀rín tún sọ. Àwọn tó ń lo Android fi àwòrán ṣájà yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, sí ẹ̀gbọ́n, sí àbúrò. Wọ́n ní kí oní-iPhone wá yá ṣájà.

Ẹ ká oṣù lórí ìka yín. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 2020, Xiaomi gbé Mi 11 jáde láìsí ṣájà nínú páálí. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 2021, Samsung gbé Galaxy S21 jáde. Kò sí ṣájà, kò sí íápíìsì. Kódà, àyè tí a ń fi mẹ́mọ́rì káàdì sí tó wà lára S20, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára S21. Ẹ rántí pé nínú Growing Up, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń bú iPhone ni pé àyè inú rẹ̀ tètè ń kún. Àwòrán ṣájà orí Facebook ńkọ́? Wọ́n ti pa á rẹ́ kí S21 tó jáde. Àmọ́ àwọn èèyàn ti ya screenshot rẹ̀ pa mọ́. Wọ́n kó o jáde, wọ́n fi tẹ́ Samsung níbi gbogbo. Ẹ̀rín ti yí padà.

Ta ni pàṣán náà bà?

Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òwe yìí ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ mọ ta ni ta ni. Apple kọ́ ni ìyálé. Owó Apple ń wọlé, ó ń ta AirPods rẹ̀. Ìyálé ni ẹni tó ra iPhone 7 tí kò rí ihò íápíìsì, tó tún ra iPhone 12 tí kò rí ṣájà. Ìyàwó ni ẹni tó ń lo Galaxy, tó ń wo ìyálé tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò mọ̀ pé ọkọ ò ju pàṣán nù. Àwa oníbàárà ni wọ́n ń nà. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì jọ di pàṣán kan náà mú ni.

Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ yìí ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ padà lọ wo gbogbo rẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tí Samsung ti sọ pé láéláé, àwọn ò ní yọ ihò íápíìsì. Google ò sọ ọ́. Xiaomi ò sọ ọ́. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ni wọ́n ń sọ. Àwa la fi etí ara wa gbọ́ ìlérí nínú ẹ̀rín. Tí wọ́n bá kọ ìlérí sílẹ̀, èèyàn lè gbé wọn lọ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé àwàdà lọ ilé ẹjọ́? Òfin FCCPA tí a ní ní Nàìjíríà láti ọdún 2019 ò fàyè gba kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ èké polówó ọjà rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Samsung sọ kì í ṣe èké. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ṣájà wà nínú páálí lóòótọ́.

Ẹ̀fẹ̀ ìpolówó ò ní ilé, ibi tí owó bá wà ló ń sùn. Ẹ wo Justin Long, òṣèré tó ṣe kọ̀ǹpútà Mac nínú ìpolówó Apple láti ọdún 2006 sí 2009. Òun àti John Hodgman tó ṣe PC jọ pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, PC ló máa ń sá jẹ ìyà níbẹ̀. Ní ọdún 2021, Justin Long yìí kan náà jáde nínú ìpolówó Intel, ó ń fi Mac ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bá a wí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n sanwó fún un. Àwa tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ tiwọn náà rèé

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, Apple sọ ìdí tí wọ́n fi yọ ṣájà. Lisa Jackson tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká níbẹ̀ nígbà náà ní ṣájà Apple tó wà nílé àwọn èèyàn káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù 2. Wọ́n ní tí páálí bá kéré, iye páálí tí pálẹ́ẹ̀tì ẹrù kan ń gbà á fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, èéfín á sì dín kù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ṣájà mẹ́rin wà nínú dúrọ́ọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lò.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Okùn tó wà nínú páálí iPhone 12, ẹnu USB-C ni. Ṣájà tó bá ọ̀pọ̀ iPhone àtijọ́ wá, USB gbàǹgbà ti tẹ́lẹ̀ ni, okùn tuntun ò wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ṣì ní okùn àtijọ́ lè máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra iPhone fún ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Owó náà ò sì wálẹ̀. iPhone 11 bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 699 ní Amẹ́ríkà, iPhone 12 bẹ̀rẹ̀ láti 799. Samsung ní tiwọn gé owó S21 sí 799, ó fi igba dọ́là dín sí ti S20, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn fún wọn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn S21 ti di ike, tí àyè mẹ́mọ́rì káàdì sì ti lọ. Xiaomi ló sún mọ́ ohun tó tọ́ jù. Ní orílẹ̀-èdè China, ẹni tó fẹ́ ṣájà pẹ̀lú Mi 11 lè gbà á láì fi owó kún un, ẹni tí kò fẹ́ á fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé ó ṣeé ṣe? Tó bá jẹ́ nítorí àyíká nìkan ni, ẹ bi oníbàárà bó bá fẹ́.

Ibi tí ẹ̀rín wa máa ń dúró sí

Ní Nàìjíríà níbí, ṣájà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí iná bá dé fún wákàtí méjì, ṣájà tó yára ló máa kún fóònù kí wọ́n tó mú un lọ. Fóònù lọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń ṣiṣẹ́, òun ni ṣọ́ọ̀bù wọn, òun ni báńkì wọn. Ẹni tí kò bá ṣájà nínú páálí á tún forí lé Computer Village ní Ikeja, níbi tí "original" ti pé oríṣi mẹ́ta, tí gbogbo wọn sì jọra lójú. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tó ti gidi á ra ayédèrú. Ayédèrú á gbóná, á ba bátìrì jẹ́, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ṣájà Tecno àti Infinix tí owó wọn ò tó ti àwọn yìí ṣì ń wà nínú páálí ọ̀pọ̀ fóònù wọn.

Kí la wá ṣe sí i? A ya screenshot. A fi tẹ́ Samsung. Samsung pa ohun tó kọ rẹ́, ìtìjú sì kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣájà ò padà wá.

Ẹ fi wé Brazil. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Procon, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní São Paulo, bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 10 owó reais lé Apple lórí ọ̀rọ̀ ṣájà yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdájọ́ níbẹ̀ tún bu mílíọ̀nù 12 lé e, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n má ta iPhone tí kò ní ṣájà mọ́. Apple ò gbà, wọ́n ní àwọn á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ló mú kí Apple máa fi íápíìsì sínú páálí iPhone 12 nígbà tí gbogbo ayé ò rí i gbà, kí wọ́n tó yí òfin náà padà. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ní láti ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ẹnu USB-C ni gbogbo fóònù tuntun tí wọ́n bá tà lọ́dọ̀ àwọn gbọ́dọ̀ ní, kí ṣájà kan lè bá gbogbo rẹ̀ mu. Apple ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, lórí iPhone 15 ní ọdún 2023.

Àwọn ará Brazil náà rẹ́rìn-ín, ẹ má rò pé wọn ò mọ àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, àjọ wọn kọ ìwé, ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ìwé yẹn ló mú ilé iṣẹ́ náà gbé lọ́yà dìde. Ẹ̀rín kì í gbé lọ́yà dìde. Àwa ní FCCPC tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà lèèyàn ti lè fi ránṣẹ́ sí wọn. Àkókò tí ẹ fi ń ja ìjà iPhone àti Samsung lójú ọ̀nà Twitter fún wákàtí méjì tó láti kọ ìwé ẹ̀sùn kan.

Àwàdà ò tíì tán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí Apple gbé iPhone tuntun jáde, Samsung tún gbé ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti ọdún 2022 jáde, pé kí wọ́n jẹ́ káwọn gbọ́ nígbà tó bá ṣeé ká, àwọn ṣì ń retí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Á tún ku òmíràn lọ́la, ó sì lè jẹ́ Apple ló máa fi Samsung ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà.

Nígbà tó bá dé, ẹ rẹ́rìn-ín yín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ sábẹ́ ohun tí wọ́n kọ, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé ẹ̀yin ò ní ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀? Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ ya screenshot rẹ̀, torí ìlérí nìyẹn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ ti mọ ibi tí pàṣán wà. Bí ẹ bá sì dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí tán kí ẹ tó tú owó sílẹ̀. Ẹ̀yìn páálí ni ìlérí tòótọ́ wà, ó sì ṣeé gbé lọ FCCPC.